Ọ̀tá Tó Máa Ń Ká Aṣọ Mosúnmọ́lá

Ọjọ́ tí ìròyìn dé Dallas pé Ìyá Ìbíkúnlé ti kú, gbogbo ẹbí Mosúnmọ́lá Adéyẹmọ ló bá a yọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè láti Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ ń dún bí ohùn ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Ó ní kí Mosúnmọ́lá wá ibì kan jókòó sí, pé Ọlọ́run ti jà fún un, ó sì ti ṣẹ́gun. Àbúrò rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, orin ló ń kọ nínú rẹ̀. Akin, ọkọ rẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú yàrá, yọ nǹkan tó kì bọ etí kan, ó ní ìyẹn mà dáa o, ó sì dá a padà sétí. Mosúnmọ́lá náà ṣe àmín. Ó ní a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kó máa pariwo, ó jókòó lé ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó sì sunkún títí imú rẹ̀ fi dí pátápátá.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ irú ẹni tí Ìyá Ìbíkúnlé jẹ́, torí kò sí ẹnì kan nínú ẹbí yẹn tó máa sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Kí Mosúnmọ́lá àti Akin tó kọjá sí Amẹ́ríkà, yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n háyà ní Òkè-Bọ́là n'Ìbàdàn, ẹnu ọ̀nà wọn sì kọjú sí ti Ìyá Ìbíkúnlé gan-an. Okùn aṣọ kan ṣoṣo ló wà nínú àgbàlá. Okùn yẹn ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tó yá, wọn ò nílò okùn mọ́ kí wọ́n tó jà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbíkúnlé á ní ìrẹsì Mosúnmọ́lá tún ti jóná, àbí bí wọ́n ṣe ń sè é nílé ìyá rẹ̀ nìyẹn. Mosúnmọ́lá á ní ó sàn kí ìrẹsì òun jóná ju kí ẹnu òun máa rùn láràárọ̀ lọ. Wọ́n á bú orí ara wọn, wọ́n á bú eyín, wọ́n á bú ìyá ọkọ, kí oníkálukú tó gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Obìnrin yìí mọ gbogbo ìrìn Mosúnmọ́lá. Bí Mosúnmọ́lá bá pẹ́ ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, Ìyá Ìbíkúnlé á ti kọ́wọ́ lé ìbàdí lẹ́nu ọ̀nà, á ní ilé ìwòsàn wo ló ń ṣí di irú àsìkò yìí. Bí ara rẹ̀ ò bá yá tí kò jáde láàárọ̀, obìnrin náà á fi ìdí ṣíbí gbá ilẹ̀kùn rẹ̀, á ní, "Ṣé o ti kú ni? Tóo bá ti kú, dáhùn." Bí òjò bá sì ṣú tí Mosúnmọ́lá ò sí nílé, òun ló ń ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Kò ní í ká a dáadáa o. Ńṣe ló máa dà á sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni da ilẹ̀ nù, á ní kí aláṣọ wá kó àkísà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé pọ̀, òjò kan ò pa aṣọ Mosúnmọ́lá rí. Mosúnmọ́lá ò sì dúpẹ́ rí. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tá?

Nígbà tí wọ́n dé Dallas, wọ́n rí apátímẹ́ǹtì gbà ní Lake Highlands. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ káàkiri, bóo bá gbẹ́sẹ̀ kò dún. Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ló ń gbẹ ẹ́, òjò lè rọ̀ kó máa rọ̀. Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, wọ́n á kí ọ pé kí ọjọ́ rẹ dára, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ó parí. Mosúnmọ́lá gbé ibẹ̀ títí, kò sí ẹni tó bú u rí. Ó tún ìwé nọ́ọ̀sì kà, ó yege, ó rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Allen, ìlú kan nítòsí Dallas, ó bí Dárasími, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ọkọ rẹ̀ kì í lù ú, kì í mutí. Ilé tutù, fìríìjì kún. Ká sọ pé ẹ bi í pé kí ló ń ṣe é, kò ní í rí ohun kan bí ọmọ ìka tọ́ka sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dà rú ni ṣọ́ọ̀ṣì. Mummy Jọkẹ́ ni olórí àwọn obìnrin níbẹ̀, obìnrin tó lè gbàdúrà kí gíláàsì fèrèsé máa mì. Ní gbogbo ọjọ́ Friday, ọ̀tá ni wọ́n máa ń fi àdúrà lé. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹni tí kò bá ní ọ̀tá nínú ẹgbẹ́ yẹn, ojú ẹni tí kò já mọ́ nǹkan ni wọ́n fi ń wò ó. Gbogbo wọn ló ní ọ̀kan: èyí ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ìyẹn ní ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mosúnmọ́lá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọ̀tá kan ní gbogbo Texas. Ló bá fi Ìyá Ìbíkúnlé dí àyè. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi iná ránṣẹ́ sí obìnrin yẹn gba orí òkun lọ. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé orúkọ yẹn máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Òun nìkan ni orúkọ tó ń pè pẹ̀lú agbára láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Ìyá Ìbíkúnlé, lójú oorun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mummy Jọkẹ́ gbọ́, ó da ara rẹ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì, ó yí gbiri gbiri títí wíìgì rẹ̀ fi kọjú sẹ́yìn. Ó ní irú ìdáhùn àdúrà yìí, kò ṣeé fi pa mọ́. Òun àti pásítọ̀ bá mú Sunday tó máa parí oṣù, pé Mosúnmọ́lá á wọ funfun, á jáde síwájú ìjọ, á jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe mú ọ̀tá rẹ̀ kúrò láyé. Mosúnmọ́lá ní àmín, mà. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ṣé kó ní ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ọ̀tá mi ni? Wọ́n á ní ayé ti yí i lórí.

Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Oúnjẹ di ìyàngbò lẹ́nu rẹ̀. Á dé ibi iṣẹ́, á jókòó sínú ọkọ̀, á máa wo ilẹ̀kùn ilé àwọn arúgbó yẹn bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ní kó kó sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọjá ibi tó yẹ kó ti yà ní fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀, kò sì bìkítà. Allen wà lẹ́yìn, ó ń lọ. Ó ra epo ọkọ̀, ó tún ń lọ. Àfi ìgbà tó rí àkọlé tó kí i káàbọ̀ sí Oklahoma, ìpínlẹ̀ mìíràn pátápátá. Ó wa ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa á, ó jókòó. Ohun tó bà á lẹ́rù kì í ṣe pé ó sọ nù. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé kò wù ú kó padà rárá, ì báà ṣe sílé, ì báà ṣe sí ibikíbi. Nígbà tó yá, ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n, ló bá wá ibi tó ti máa tọ̀, àtibẹ̀ ló sì ti yí ọkọ̀ padà. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín, ìtọ̀ yẹn ló dá a padà fún wa.

Ó wọlé nírọ̀lẹ́, bó ṣe máa ń wọlé. Akin ń bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà, ó juwọ́ sí i. Dárasími gbójú sókè lórí fóònù, ó ní, "Mommy, you good?" Mosúnmọ́lá ní dáadáa ni. Ọmọ náà wò ó díẹ̀ sí i, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀.

Ẹ má sọ pé kò wá ìrànlọ́wọ́ o. Ó wá a. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ètò kan tí òṣìṣẹ́ fi lè lọ bá onímọ̀ nípa ọkàn sọ̀rọ̀, ó sì lọ. Ọkùnrin náà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ó béèrè pé oorun ńkọ́, Mosúnmọ́lá ní a dúpẹ́. Ó ní oúnjẹ ńkọ́, Mosúnmọ́lá ní Ọlọ́run ń ṣe é. Ó ní ṣé ó máa ń wá sí i lọ́kàn pé kí òun má sí láyé mọ́. Mosúnmọ́lá ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó sì fi ọwọ́ yí orí ká. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹnu ẹni kì í ròyìn ibi nípa ara ẹni, kó má baà gba ibẹ̀ wọlé. Bó ṣe di pé ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nìyẹn, ó ní bóyá òun ò tíì rí ẹni tí ara rẹ̀ le tó báyìí. Mosúnmọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni sọ̀kalẹ̀, ó sì sunkún láti òkè délẹ̀.

Maribel ló mú un lọ síbi tó tọ́. Maribel ń gbé lábẹ́ wọn, ọmọ Honduras ni, òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń tún yàrá ṣe. Ògiri apátímẹ́ǹtì yẹn ò nípọn, gbogbo ẹkún ilé ìwẹ̀ ló ń gba inú páìpù lọ bá a. Lọ́jọ́ kan ó pàdé Mosúnmọ́lá lórí àtẹ̀gùn, kò kí i pé kí ọjọ́ rẹ̀ dára. Ó nawọ́ sí ojú tirẹ̀, ó fa ìka kan wálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ bí omijé, ó nawọ́ sí Mosúnmọ́lá, ó ní, "Saturday. You come."

Gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, àga tó ṣeé ká pọ̀ ni wọ́n tò yípo, kọfí wà, àkàrà òyìnbó wà. Àwọn obìnrin Látínò ló kún ibẹ̀, èyí láti Mẹ́síkò, ìyẹn láti El Salvador. Èdè Spánísì ni wọ́n ń sọ, Maribel sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó rí jákujàku sọ ọ́ sí Mosúnmọ́lá létí. Ọ̀kan ní àyà òun máa ń sáré ṣáá láìnídìí, pé ọkọ òun ní ọ̀lẹ ló ń ṣe òun. Maribel fúnra rẹ̀ ní ìyá òun ló ń tọ́ ọmọ òun ní Honduras, bí òun bá pè é lórí fóònù báyìí, bí ẹni ń dá tíṣà lóhùn ni ọmọ náà ń dá òun lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń fọn imú, tí wọ́n ń jẹ àkàrà òyìnbó. Kò sí ẹni tó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mosúnmọ́lá jókòó, ẹnu yà á. Bí ẹni pé ìhòòhò ni wọ́n wà ló rí lójú rẹ̀.

Nígbà tó kàn án, ó mi orí pé rárá. Olórí wọn, obìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, ní kó sọ ọ́ ní èdè tó bá wù ú, pé àwọn á gbọ́ ohùn rẹ̀ bí àwọn ò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Mosúnmọ́lá wo yíká. Kò sí Yorùbá kan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbé e dé etí Mummy Jọkẹ́, kò sí ẹni tó máa fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ló bá la ẹnu. Ó ní, "Ìyá Ìbíkúnlé kú, kò sì sí ẹni tó bá mi kẹ́dùn." Gbólóhùn kan yẹn ló sọ lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin yẹn mi orí bí ẹni pé ó yé wọn yékéyéké.

Ní Saturday kejì, ó sọ ti okùn aṣọ. Ní ìkẹta, ẹnu rẹ̀ ti já gaara. Ó sọ ti ìdí ṣíbí lára ilẹ̀kùn, ó ṣe bí Ìyá Ìbíkúnlé ṣe ń ṣe é, "Ṣé o ti kú ni? Tóo bá ti kú, dáhùn," ó fi ọwọ́ gbá àga. Ó sọ ti aṣọ tí òjò ò pa rí. Ó wá ní, "Ó tún máa ń bú ìrìn mi. Ó ní ìdí mi ń ṣèpàdé lẹ́yìn mi, wọn ò sì pè mí sí i."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, ẹ̀rín tó ń jáde láti ikùn. Obìnrin dúdú kan tó wọlé pẹ́ tó sì jókòó sẹ́yìn ni. Mosúnmọ́lá ti rí i tẹ́lẹ̀, ó rò pé ọmọ Honduras ni, torí Maribel ti sọ fún un pé àwọn dúdú pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àṣé ó gbọ́ Yorùbá. Ó gbé báàgì, ó sáré jáde.

Ó dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, kò rí ọ̀nà jáde. Ọkọ̀ kan ti dúró sẹ́yìn tirẹ̀ gbagidi, bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín ti tẹ̀ lé e jáde, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Níkẹ́ lorúkọ òun, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Grand Prairie lòun ti ń ṣiṣẹ́, obìnrin Mẹ́síkò kan táwọn jọ ń di páálí ló mú òun wá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí Mosúnmọ́lá má bínú, pé ẹ̀rín ló pa òun. Òun náà wá síbẹ̀ torí kò sí Yorùbá níbẹ̀ ni, òun ò tiẹ̀ tíì rí ẹnu sọ tòun. Ìbẹ̀rù ló ń bá Mosúnmọ́lá jà, ṣùgbọ́n ìbínú ló gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní ta ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, àbí páálí lo rò pé o ń tò sílẹ̀. Níkẹ́ ní ẹ má bínú, mà. Mosúnmọ́lá ò gbà. Ó bú ọkọ̀ náà, ó bú táyà rẹ̀, ó bú wíìgì orí Níkẹ́, ó ní ó dà bí ẹyẹ tó kú síbi tí kò yẹ.

Ibi tó kan wíìgì yẹn ni sùúrù Níkẹ́ ti tán. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò yọ "ẹ" kúrò nínú èébú rẹ̀ rárá. "Ẹ dákun, mà, ṣé orí yín pé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sunkún ọ̀tá yín láàárín ọ̀sán, ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa bú wíìgì èmi? Ẹ bojú wẹ̀yìn kẹ́ ẹ wò ó, ìpàdé yẹn ṣì ń lọ lọ́wọ́."

Àwọn obìnrin Látínò ti jáde, wọ́n tò sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife kọfí, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n rí i tí Mosúnmọ́lá tẹ̀ ba, tó di imú ọkọ̀ mú. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín yẹn di ẹkún, ẹkún tún di ẹ̀rín, ikun ń bọ́ sórí ọkọ̀. Ó ní kí Níkẹ́ tún un sọ. Níkẹ́ tún un sọ. Lọ́jọ́ náà, ó délé, ó jẹ ìrẹsì àwo méjì, ó sì sùn.

Ṣùgbọ́n Sunday ìdúpẹ́ ò yẹ̀. Ó wọ funfun. Akin àti Dárasími jókòó síwájú. Mummy Jọkẹ́ ti jó títí, òógùn ti bò ó, pásítọ̀ gbé gbohùngbohùn lé Mosúnmọ́lá lọ́wọ́, ó ní kó sọ ohun tí Olúwa ṣe. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti há a sórí. Kò mà ní í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí gbogbo ẹ̀ á fi parí. Ó la ẹnu.

"Ìyá Ìbíkúnlé ti kú," ó ní. "Ó sì dùn mí gan-an."

Ẹnì kan lẹ́yìn kígbe halelúyà, ó rò pé ọ̀rọ̀ á ṣì yí. Kò yí.

"Lóṣù yìí, mo wa ọkọ̀ kọjá ibi iṣẹ́ mi, mo wà á dé Oklahoma. Mi ò fẹ́ padà. Nígbà tí mo wọlé, kò sí ẹni tó bi mí pé níbo ni mo lọ. Ká ní obìnrin yẹn ni aládùúgbò mi ní Dallas, á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, á sì bú mi títí n óò fi jẹ́wọ́. Òun nìkan ló máa ń mọ̀ tí mi ò bá sí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dúpẹ́ pé ó kú."

Ó dá gbohùngbohùn padà. Mummy Jọkẹ́ ní ẹ̀mí ẹkún ló bà lé e, ó ń nawọ́ bọ̀ wá sórí rẹ̀, Mosúnmọ́lá sì yẹ̀ ẹ́ bí ẹni yẹ ẹ̀ka igi, ó lọ jókòó. Dárasími di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò tú u sílẹ̀ títí ìsìn fi parí. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Akin ò tan rédíò, kò sì fi nǹkan kan sétí. Ó wa ọkọ̀ lọ títí, ó wá béèrè pé ọjọ́ wo ni ti Oklahoma yẹn. Mosúnmọ́lá sọ ọjọ́ náà fún un. Akin ní òun wà nínú ìpàdé lọ́jọ́ náà. Omi ti kún ojú rẹ̀, Mosúnmọ́lá sì ní kó wo iwájú kó má baà pa àwọn.

Ní Saturday tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn lórí fíríwéè, gbogbo ọ̀nà di pa. Mosúnmọ́lá jókòó láàárín ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Àkókò ìpàdé wọn ti kọjá. Ó ń rò ó pé kóun kàn yà sí ibi tó bá ṣí sílẹ̀, kóun máa lọ. Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e, kò tíì sọ ohunkóhun tí ohùn Níkẹ́ fi gba inú ọkọ̀.

"Mà, níbo lẹ wà? Mo ti gbé ọkọ̀ mi sí àyè yín. Àbí ẹ ti kú ni? Tẹ́ ẹ bá ti kú, ẹ dáhùn."

Mosúnmọ́lá gbá fóònù mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ló gbé e padà sẹ́nu.

"Orí rẹ ò pé, Níkẹ́," ó ní. "Mò ń bọ̀. Gbé ọkọ̀ játijàti yẹn kúrò níbẹ̀."